Ta ni gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀ràn ìgbìmọ̀ ALGOL, 1958 sí 1968

Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1960, Adriaan van Wijngaarden pe Peter Naur lórí fóònù láti Amsterdam. Copenhagen ni Naur wà, ó ń tún ìwé kan kọ lórúkọ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ìpàdé wọn ti parí ní Paris láti ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oníkálukú sì ti gba ilé rẹ̀ lọ. Van Wijngaarden ní òun ń sọ̀rọ̀ fún ara òun àti fún Edsger Dijkstra tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kí Naur fi kún ìwé náà.

Ìwé ọ̀hún ni ìlànà ALGOL 60, èdè tí wọ́n fẹ́ kí onímọ̀ ìṣirò níbi gbogbo máa fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Nínú èdè yìí, èèyàn lè di ọ̀pọ̀ àṣẹ pọ̀, kó sọ ìdì náà lórúkọ, kó sì máa fi orúkọ yẹn pè é nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Procedure ni wọ́n ń pe irú ìdì bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tí àwọn ará Amsterdam gbé wá sọ pé níbikíbi tí orúkọ procedure bá ti jẹyọ nínú ara procedure yẹn fúnra rẹ̀, àfi níbi tí a ti ń fún un ní èsì rẹ̀, pípè ni à ń pè é. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ lè pe ara rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ka àwọn ọmọ agboolé ńlá rí mọ ohun tí èyí já sí. O fẹ́ mọ iye àtọmọdọ́mọ baba kan: ka ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o sì tún ṣe ohun kan náà gan-an fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, títí o ó fi kan ẹni tí kò tíì bímọ. Àṣẹ kan ni, òun náà ló sì ń ránṣẹ́ pe ara rẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1960, kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ló gbà pé ó tọ́ kí a gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ẹ̀rọ lórí, nítorí àyè inú ẹ̀rọ kéré, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń falẹ̀.

Naur kọ gbólóhùn náà sínú ìwé. Kò dá a padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kí wọ́n tún dìbò. Nígbà tó sọ ìtàn náà fúnra rẹ̀ lọ́dún 1978, ó ní ìgboyà tó wà nínú àbá yẹn àti bó ṣe rọrùn tó ló wu òun, òun sì gbà á bí òun tilẹ̀ mọ̀ pé wàhálà lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ibí ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kí ọdún 1968 tó parí, ẹgbẹ́ tó jogún iṣẹ́ yìí ti là sí méjì ní Munich. Van Wijngaarden wà lápá kan. Dijkstra, ẹni tó torí rẹ̀ gbé fóònù lọ́jọ́sí, wà lápá kejì. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ALGOL 60 kéré, ó sì dùn ún lò, ALGOL 68 tóbi ju bó ti yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ìjà fi dé. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń wo ọ̀rọ̀ náà sí, ẹni tí gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó lè ka ohun tó kọ ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́dún 1957, IBM gbé FORTRAN jáde, èdè tí John Backus àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe fún ẹ̀rọ IBM 704. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ ìṣirò kan ní Jámánì àti Switzerland, tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ GAMM, ti ń ronú nípa èdè kan tí kò ní jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kankan, tí kò sì ní so mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Wọ́n kọ̀wé sí ACM, ẹgbẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, pé kí àwọn jọ ṣe é. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbà.

Èèyàn mẹ́jọ ló pàdé ní ETH, yunifásítì kan ní Zürich, láti ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1958. Friedrich Bauer, Hermann Bottenbruch, Heinz Rutishauser àti Klaus Samelson ló ṣojú GAMM. Backus, Charles Katz, Alan Perlis àti Joseph Wegstein ló ti Amẹ́ríkà wá. Mẹ́rin sí mẹ́rin.

Ìjà kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò lè fò dá. Báwo ni ká ṣe kọ mẹ́ta àti ààbọ̀? Ará Amẹ́ríkà á kọ 3.5, ará Jámánì á kọ 3,5. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀, ẹnì kan láti apá Yúróòpù lu tábìlì gbàmù, ó ní láéláé òun kò ní fi àmì ìdánudúró sí ibi tó yẹ kí kọ́mà wà. Àwọn àgbà onímọ̀ o! Wegstein ló yọ wọ́n. Ó ní kí èdè náà ní ìrísí mẹ́ta: ọ̀kan tí ìgbìmọ̀ á fi máa ṣàlàyé, ọ̀kan tí a ó fi máa tẹ̀wé, àti ọ̀kan tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè gbà wọlé. Kí oníkálukú kọ ọ́ bó ṣe wù ú nílé rẹ̀, bí ìtumọ̀ kò bá ṣáà ti yẹ̀.

Àwa tí à ń fi fóònù tẹ Yorùbá kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sí wọn. Nínú ìwé, ọwọ́, owó, òwò àti ọ̀wọ̀ yàtọ̀ síra wọn. Lórí kíbọ́ọ̀dù tí kò ní àmì, "owo" ni gbogbo wọn. Èdè kan náà ni, ẹ̀rọ ni kò lè gbà á bó ṣe wà. Ohun tí Wegstein sọ nìyẹn ní 1958, ó sì gba ìpàdé là.

Ìwé tó ti Zürich jáde kò yanjú. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nǹkan níbẹ̀, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sì lè lọ́ sọ́tùn-ún lọ́ sósì. Àwọn ènìyàn mú un, oníkálukú sì gé e bó ṣe bá a lára mu. Jules Schwartz ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó pè é ní JOVIAL, orúkọ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ dúró fún Jules fúnra rẹ̀. Bí èdè àjọṣe ṣe ń di èdè aládàáni nìyẹn, kí ọdún méjì tó pé.

Lọ́dún 1959, ohun méjì ṣẹlẹ̀. Naur, tó ń ṣiṣẹ́ ní Regnecentralen ní Copenhagen, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn kékeré kan tó pè ní ALGOL Bulletin, kí àwọn tó ń ṣe èdè náà ní oríṣiríṣi ìlú lè máa ka ẹjọ́ ara wọn. Ìkejì, Backus mú ọ̀nà tuntun kan lọ sí àpérò UNESCO ní Paris lóṣù Kẹfà, ọ̀nà láti kọ gírámà èdè kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń kọ ìṣirò. Èyí ni àpẹẹrẹ rẹ̀ bí mo bá fi Yorùbá kọ ọ́:

⟨nọ́ńbà⟩ ::= ⟨òǹkà⟩ | ⟨nọ́ńbà⟩⟨òǹkà⟩

Ẹ kà á báyìí: nọ́ńbà lè jẹ́ òǹkà kan, ìyẹn ọ̀kan nínú 0 sí 9, tàbí kó jẹ́ nọ́ńbà tí a so òǹkà kan mọ́ lẹ́yìn. Láti inú ìlà kan yìí, 7 wọlé, 74 wọlé, 1960 wọlé, kò sí òpin. Ẹ sì wò ó dáadáa. "Nọ́ńbà" wà lápá òsì, ó tún wà lápá ọ̀tún. Òfin náà ń pe ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa bá ara wọn jà sí nípa procedure ti jókòó wọ̀ǹtì sínú ohun èlò tí wọ́n fi kọ ìwé náà, kò sì sí ẹni tó bá a jà níbẹ̀.

Ohun tó mú Naur fẹ́ràn ọ̀nà yìí ni pé bí Backus ṣe ṣàlàyé ALGOL nínú ìwé rẹ̀ kò bá bí òun fúnra rẹ̀ ṣe yé e mu. Àwọn méjèèjì ka ìwé Zürich kan náà! Ó rí i pé bí kò bá sí ọ̀nà ìkọ̀wé tó ṣe pàtó, àjọṣe náà kò ní dúró. Ó tún ọ̀nà Backus ṣe díẹ̀, ó fi kọ odindi àbá èdè náà, ó sì gbé e lọ́wọ́ wọ ìpàdé Paris.

Ìpàdé yẹn wáyé láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1960. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ pé kí méje wá láti apá kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ló dé láti Amẹ́ríkà. Mọ́tò ti pa William Turanski, ẹni keje wọn, ní gẹ́rẹ́ tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ìwé ALGOL 60 rántí. Àwọn 13 tó kù ni Backus, Bauer, Julien Green, Katz, John McCarthy, Naur, Perlis, Rutishauser, Samelson, Bernard Vauquois, van Wijngaarden, Wegstein àti Mike Woodger. Wọ́n gba àbá Naur gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, wọ́n sì fi gègé lé e lọ́wọ́.

Wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ procedure tó ń pe ara rẹ̀ níbẹ̀. Àbá náà ni pé kí ọ̀rọ̀ kan wà tí a ó máa fi ṣààmì sí irú procedure bẹ́ẹ̀. Àbá yẹn ṣubú. Ṣùgbọ́n kí ni ìṣubú rẹ̀ túmọ̀ sí? Ẹnì kan lè ní: a kò fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú èdè wa. Ẹlòmíràn lè ní: a kò nílò àmì, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rí mọ irú ìbò yìí, tí apá méjèèjì á lọ sílé pé àwọn ló borí.

Inú àlàfo yẹn ni ìpè Amsterdam gbà wọlé. Bauer kò fi ojú rere wò ó. "Ọ̀tẹ̀ Amsterdam" ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ létí rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ni, tí wọ́n parí ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú, tí àwọn méjì wá pè é lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, tó sì fi ọ̀rọ̀ kún àkọsílẹ̀ ìpàdé, ṣé a kò ní pe àpérò lé e lórí?

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ Bauer dùn ún gbọ́ ni pé òun àti Samelson gan-an ló ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Jámánì lórí ohun tí wọ́n pè ní Keller, ìyẹn àjà ilẹ̀, ọ̀nà láti máa kó nǹkan jọ sínú ẹ̀rọ kí èyí tó wọlé kẹ́yìn kọ́kọ́ jáde. Bí àwo ìyá olóúnjẹ: èyí tí wọ́n fọ̀ gbẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé lókè. Láti 1957 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣirò inú gbólóhùn ni wọ́n ṣe é fún. Dijkstra wá fi irú àkójọ yìí kan náà gbé procedure tó ń pe ara rẹ̀: ìpè kọ̀ọ̀kan á gba àwo tirẹ̀, tó bá parí, wọ́n á gbé àwo rẹ̀ kúrò. Ohun èlò tó jẹ́ kí gbólóhùn Amsterdam ṣeé ṣe wà nínú àpótí Bauer tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ àwọn compiler tí ẹgbẹ́ ALCOR ṣe, níbi tí àwọn ará Munich, Mainz, Darmstadt àti Zürich ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, fi procedure tó ń pe ara rẹ̀ sílẹ̀. Compiler ni ògbufọ̀ tó ń sọ ohun tí èèyàn kọ di ohun tí ẹ̀rọ gbọ́.

Ìwé náà jáde lóṣù Karùn-ún 1960. Ojú ewé 16 péré ló gbà nínú ìwé ìròyìn ACM. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, Dijkstra àti Jaap Zonneveld ti ní compiler tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ X1 ní Amsterdam. Wọ́n ní àwọn ti bá ara àwọn ṣàdéhùn pé àwọn kò ní fá irùngbọ̀n títí iṣẹ́ ó fi parí. Zonneveld fá tirẹ̀ nígbà tó parí. Dijkstra dá tirẹ̀ sí.

Lọ́dún 1961, Naur, Dijkstra àti Peter Landin kọ́ni ní ALGOL 60 ní Brighton. Tony Hoare wà lára àwọn tó wá kọ́ ọ. Nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Moscow ló ti ronú kan ọ̀nà kan láti to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ kíákíá: mú ọ̀kan, kó èyí tó kéré jù ú lọ sápá kan, èyí tó jù ú lọ sápá kejì, kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún apá kọ̀ọ̀kan. Kò tíì rí bó ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ kí ó mọ́lẹ̀. Gbólóhùn tí Naur fi kún ìwé ló jẹ́ kó lè kọ ọ́ ní ìlà díẹ̀. Quicksort nìyẹn, ó sì wà nínú kọ̀ǹpútà títí dòní. Inú Moscow ni wọ́n ti lóyún rẹ̀, Amsterdam ló fún un ní ọ̀nà, Copenhagen ló kọ ọ̀nà náà sílẹ̀, Brighton ni ó ti là yé ẹni tó ni ín. Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni àjọṣe láàárín orílẹ̀-èdè wúlò fún, ibẹ̀ ni mo máa tọ́ka sí.

Ní Rome, oṣù Kẹrin 1962, wọ́n tún àwọn àṣìṣe inú ìwé náà ṣe. Lọ́dún yẹn náà, IFIP, àjọ àwọn oníkọ̀ǹpútà lágbàáyé, gba iṣẹ́ ALGOL sábẹ́ ara rẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún un tó ń jẹ́ WG 2.1. Ó ti di ti gbogbo ayé nísinsìnyí. Ìbéèrè tó kàn ni: kí ni ALGOL tó ń bọ̀ máa jẹ́?

Oṣù Kẹwàá 1965, wọ́n pàdé ní St Pierre de Chartreuse, abúlé orí òkè kan nílẹ̀ Faransé. Niklaus Wirth, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Stanford nígbà yẹn, gbé àbá kan kalẹ̀: kí wọ́n mú ALGOL 60, kí wọ́n tún ibi tó ń ro wọ́n ṣe, kí wọ́n fi àwọn nǹkan díẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ti ń béèrè kún un. Van Wijngaarden gbé nǹkan mìíràn wá. Ọ̀nà tuntun láti ṣàpèjúwe èdè ni, bí Backus ṣe mú tirẹ̀ wá ní 1959. Ọ̀nà náà dán lójú wọn. Wọ́n ní kí a fi ọ̀nà van Wijngaarden kọ ìwé tó ń bọ̀.

Ibi tí gègé ti kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn.

Kí ni ọ̀nà náà? Gírámà Backus lè sọ pé ibí yìí ni orúkọ gbọ́dọ̀ wà. Kò lè sọ pé orúkọ tí o lò níbí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí o ti kéde sókè, àti pé bí o bá kéde rẹ̀ ní odidi nọ́ńbà, o kò gbọdọ̀ lò ó bí ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Naur fi sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìwé 1960. Van Wijngaarden kò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Ó fẹ́ kí gírámà nìkan sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá ṣe gírámà alájà méjì: àjà òkè ń bí ọ̀rọ̀, a ó fi àwọn ọ̀rọ̀ yẹn dí àlàfo inú òfin àjà ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin tí kò lópin ó ṣe máa ti ibẹ̀ jáde. Gírámà tó ń bí gírámà. Lọ́dún 1967, Michel Sintzoff láti Belgium fi hàn pé ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà bá lè kà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, irú gírámà yìí lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Agbára rẹ̀ kò láàlà. Àmọ́ ẹni tó máa kà á ńkọ́?

Ìgbìmọ̀ kékeré tí Wirth, Hoare, Gerhard Seegmüller àti van Wijngaarden wà nínú rẹ̀ pàdé ní Kootwijk, ní Netherlands, lóṣù Kẹrin 1966. Wọn kò gbọ́ra wọn yé. Wirth àti Hoare tẹ àbá tiwọn jáde fúnra wọn lọ́dún yẹn, Stanford sì ṣe compiler rẹ̀, wọ́n pè é ní ALGOL W. Van Wijngaarden ń bá tirẹ̀ lọ ní Amsterdam pẹ̀lú Barry Mailloux àti John Peck, tí wọ́n ti Kánádà wá, àti Kees Koster. Èèyàn mẹ́rin ló mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Àwọn yòókù inú ẹgbẹ́ ń jókòó dè é kí ó jinná.

Lóṣù Kejì 1968, ó dé ọwọ́ gbogbo àwọn tó ń gba ALGOL Bulletin. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ Amsterdam ni MR 93. Orúkọ tuntun ni gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ń jẹ́. Kí o tó mọ bí a ṣe ń fi ọ̀kan kún méjì nínú èdè náà, o ní láti kọ́kọ́ kọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà. Àwọn tí èdè kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn ṣí i, wọ́n pa á dé. Lẹ́tà ìbínú ń wọlé. Dijkstra kọ tirẹ̀ sí van Wijngaarden, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ní 1952. Ó sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Wirth àti Naur fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹ rò ó wò: ẹni tó kọ ìwé 1960 kò dúró dé ìgbà tí ti 1968 máa wọlé.

Tirrenia ní Ítálì lóṣù Kẹfà, North Berwick ní Scotland nígbà tó yá, ìpàdé lé ìpàdé. Lóṣù Kẹwàá, àjọ NATO pe àpérò kan sí Garmisch nípa ìṣòro sọ́fítíwíà. Bauer, Perlis, Naur, Dijkstra àti Brian Randell wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńláńlá ń pẹ́, wọ́n sì ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Ojú tí Dijkstra àti àwọn kan fi wo ìwé Amsterdam lẹ́yìn ìyẹn tún wá burú sí i: ilé ń jó, ẹ sì ń ya àwòrán sí ara ògiri.

Munich, oṣù Kejìlá 1968. Ẹgbẹ́ náà gbà pé kí ìwé ALGOL 68 lọ sọ́dọ̀ IFIP. Lẹ́tà tó bá a rìn jẹ́wọ́ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àní kì í ṣe gbogbo àwọn tó kọ ọ́ pàápàá, ló fara mọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó ti tó àkókò kí wọ́n dán an wò lórí ẹ̀rọ. Àwọn mẹ́jọ kọ ìwé tiwọn: Dijkstra, Fraser Duncan, Jan Garwick láti Norway, Hoare, Randell, Seegmüller, Wlad Turski láti Poland, àti Woodger. Kò gùn rárá. Ohun tí wọ́n sọ ni pé iṣẹ́ tó le jù lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ prógíráàmù ni pé kí ohun ńlá tó kọ ṣeé gbọ́kàn lé, àti pé èdè yìí, lójú tiwọn, ti di ohun àná kí a tó bí i. IFIP kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àwọn tó pọ̀ jù. Inú ALGOL Bulletin ló ti jáde, ní 1970.

Woodger nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn 13 ti Paris àti lára àwọn mẹ́jọ ti Munich.

Èrò tèmi rèé. Ọ̀pọ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bíi pé ìgbìmọ̀ 1960 fi ìṣọ̀kan ṣiṣẹ́, ti 1968 sì jẹ́ kí ẹnì kan gbé e gùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ti 1960 gan-an ni ẹnì kan ti fi ohun tó tóbi jù sínú ìwé lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ sílé. Ní 1968, wọ́n ṣe ìpàdé jálẹ̀ ọdún, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n dìbò, wọ́n fàyè gba àwọn tí kò gbà láti kọ tiwọn. Bí a bá ń wo ìlànà ìpàdé nìkan, Munich mọ́ ju Paris lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Naur fi gbólóhùn rẹ̀ kún un, Bauer kà á, ó yé e, inú bí i. Ìbínú Bauer yẹn ló sọ fún mi pé ìwé náà ṣì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ìwé van Wijngaarden kò fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní irú àǹfààní yẹn. Kí o tó lè bá a jà lórí kókó kan, wàá ti lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu kíkọ́ bí a ṣe ń kà á, ìpàdé á sì ti kọjá.

Mi ò sọ pé àwọn mẹ́jọ náà jàre ní gbogbo ọ̀nà. Ìwé ni wọ́n ṣàríwísí jù, èdè náà kò burú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Royal Radar Establishment ní Malvern, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe compiler tirẹ̀ ní 1970, wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ṣiṣẹ́. Àwọn mẹ́jọ náà kò fi èdè kankan rọ́pò rẹ̀. Wirth tó ti kúrò ló ṣe bẹ́ẹ̀: òun nìkan gbé Pascal jáde ní 1970, yunifásítì káàkiri ayé sì fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ti àwọn tó kù, WG 2.3 ni wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ IFIP kan náà, Woodger ni alága àkọ́kọ́, ọ̀nà tí a ń gbà kọ prógíráàmù ni wọ́n sì gbájú mọ́. Ẹgbẹ́ méjèèjì ṣì wà.

Ohun kan nínú ìwé van Wijngaarden wà tí mo fẹ́ràn. Ó ṣe é kí a lè yí àwọn ọ̀rọ̀ inú èdè náà padà sí èdè ìlú yòówù, wọ́n sì ṣe é ní èdè Rọ́ṣíà àti ti Jámánì. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣí àṣẹ kan, ọ̀rọ̀ yẹn náà tí a kọ láti ẹ̀yìn wá síwájú ló ń tì í: if ló ń ṣí i, fi ló ń tì í, case ló ń ṣí i, esac ló ń tì í. Fi yìí kì í ṣe "fi" tiwa o. Bí Yorùbá bá ṣe tirẹ̀, "bí" ni yóò ṣí i, "íb" ni yóò sì tì í, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i.

Ẹni tó bá ń kọ àṣẹ lórí Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti ń kọ irú ọ̀rọ̀ yìí láìmọ̀. Stephen Bourne ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ALGOL 68C ní Cambridge kó tó lọ sí Bell Labs. Nígbà tó ń ṣe shell, ìyẹn ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tó jáde ní 1979 pẹ̀lú ẹ̀dà keje Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ó kó fi àti esac wá láti inú ALGOL 68. Do náà yẹ kí ó fi od parí, bó ṣe rí nínú ìwé Amsterdam. Ṣùgbọ́n od ti jẹ́ orúkọ àṣẹ mìíràn ní Unix, èyí tó ń tú inú fáìlì síta ní nọ́ńbà onípìlẹ̀ mẹ́jọ. Bourne wá kọ done.